Ọdún Tí A Dúró De Ọmọnlé

Ilé wa kì í dákẹ́. Bí àwa ènìyàn inú rẹ̀ bá panu mọ́, àwọn yòókù á máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ikán á máa jẹ igi àjà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń jẹ gúgúrú nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Aáyán á máa rìn káàkiri nínú àwọn abọ́ tánganran tí ìyá mi dojú wọn dé. Ẹ̀fọn ni ẹgbẹ́ akọrin. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ àfi tí a bá ti pa àtùpà. Ìdun kò ní ohùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwa tí ó ń jẹ a máa pariwo fún un. Lókè gbogbo wọn ni ọmọnlé wà lórí ògiri, tí yóò máa ta ahọ́n, pó, pó, pó, bí àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ti sú. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, a máa sọ pé ọmọnlé ni onílé, pé ayálégbé ni àwa tó kù. Ìjẹ̀bú-Òde ni ilé náà wà, kò jìnnà sí ọjà Òkè-Ajé. Ilé alámọ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́ iwájú rẹ̀ kí àwọn tó ń kọjá lè rò pé olówó ló ń gbébẹ̀. Ìjẹ̀bú ni wá. Ojú ilé ṣe pàtàkì. Inú ilé, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ló mọ̀. Amọ̀ ni ògiri, amọ̀ ni ilẹ̀, ihò sì pọ̀ nínú méjèèjì.

Bàbá mi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá mi ń ta gàrí. Èmi Dàpọ̀ nìkan ni ọmọ ilé nígbà náà, kì í ṣe pé èmi nìkan ni wọ́n bí. Méjì ló tẹ̀lé mi. Ibà ló mú wọn lọ. A kì í sọ ọ́ nílé wa, mi ò sì ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ níbí. Ní ọdún tí mò ń rántí yìí, ìyá mi tún lóyún. Nọ́ọ̀sì tó ń wò ó wí fún bàbá mi pé ẹ̀fọn ló ń fa ibà yẹn, pé kí ó jẹ́ kí ẹ̀fọn dín nílé kí ọmọ tó dé. Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti ibẹ̀ dé bí ẹni tí wọ́n gbà sí iṣẹ́ ológun. Kò tíì jókòó tó fi ní, “Ìyá, ọmọ yìí máa dúró. Ẹ̀fọn ni yóò lọ.” Ìyá Àgbà ń họ iṣu ewùrà fún ìkókòrẹ́ lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. “Ẹ̀fọn gbọ́?” ló bi í.

Kì í ṣe pé Ìyá Àgbà kò bá wọn jà. Ó ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, tí a bá ti jẹun tán, yóò da ẹyin iná sínú àpáàdì, yóò kó èèpo ọsàn gbígbẹ àti ewé efinrin lé e, yóò gbé e sí àárín yàrá. Èéfín á gba gbogbo ilé. Ẹ̀fọn á sá lóòótọ́. Àwa náà á sá. Ìta la ó ti bá ẹ̀fọn pàdé, tí a ó jọ máa dúró de ìgbà tí èéfín yóò lọ sílẹ̀ kí oníkálukú lè padà sílé. Ìyá mi a máa wúkọ́, á gbá ikùn rẹ̀ mú. Tí bàbá mi bá ní ẹ̀fọn ṣì wà, Ìyá Àgbà á ní àwọn àlejò ni ìyẹn, pé ti ilé ti lọ.

Ṣùgbọ́n ìjàlọ ni Ìyá Àgbà fi ọkàn tán jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, wọn a máa gba ilé wa kọjá, wọn á tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ láti ẹ̀yìn ilé ìdáná, dúdú, bí omi tó ń ṣàn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí wọn á ké pé, “Àlejò dé o!” Gbogbo wa á jáde. Òfin wà níbẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da kẹrosíìnì sí wọn lọ́nà. A ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ jáde. A ó tú adìẹ sílẹ̀ nínú àgò, nítorí adìẹ tí ìjàlọ bá ká mọ́ àgò, egungun rẹ̀ nìkan la ó bá. Ìyá Àgbà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa darí wọn bí ẹni tó gba alágbàṣe. “Ẹ wọlé, ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́ ibùsùn Sámúẹ̀lì, ẹ débẹ̀ dáadáa, ẹ má fi igun kankan sílẹ̀.” Sámúẹ̀lì ni bàbá mi. A ó jókòó sábẹ́ igi ọsàn, a ó máa wo bí wọ́n ti ń gbé aáyán àti ìdun jáde bí ẹrù ọjọ́ ọjà. Ọmọnlé nìkan ló gbọ́n. Orí àjà ni yóò gùn sí títí wọn yóò fi lọ. Tí a bá padà wọlé, kò ní sí kòkòrò kan tí yóò rìn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nígbà kan, bàbá mi sáré wọlé lọ mú fìlà tó gbàgbé. Ó jáde láìsí fìlà, ijó ló ń jó. Láti ìgbà náà ni òun àti ìjàlọ ti wà ní ìjà. “Ìyá,” ni yóò wí, “ìjàlọ kì í jẹ ẹ̀fọn. Ẹ̀fọn ń fò.” Ìyá Àgbà á ní, “Ṣé o ti bi wọ́n?”

Ní ọjọ́ kan, bàbá mi ti Òkè-Ajé dé pẹ̀lú páǹpù ẹ̀fọn. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ ọ́n. Agolo kékeré ni, tí wọ́n jó mọ́ ìdí ọ̀pá kan, bí páǹpù kẹ̀kẹ́ tó gbé ọmọ pọ̀n. Oògùn inú rẹ̀ dà bíi kẹrosíìnì, ó sì ń rùn jù ú lọ. Ẹlòmíràn ìbá lò ó bẹ́ẹ̀. Bàbá mi tú u palẹ̀. Ó ní awọ inú rẹ̀ kò le tó, ó yọ ọ́, ó fi awọ páǹpù kẹ̀kẹ́ rọ́pò rẹ̀, ó fi gírísì pa á. Nígbà tó kọ́kọ́ fún un láti ẹnu ọ̀nà, oògùn náà lọ bá kàlẹ́ńdà lórí ògiri òdì kejì, ó sì rin ín gbindin. Inú bàbá mi dùn. Ó lé gbogbo wa síta, ó fún yàrá kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àgbà jókòó sábẹ́ igi ọsàn, ó káwọ́ sí àyà. “A tún jáde,” ló wí. “Ìjàlọ náà là ń jáde fún tẹ́lẹ̀. Ìjàlọ kì í rùn.”

Ìyá Àgbà ló máa ń jí gbogbo ilé. Kí àkùkọ tó kọ ni ìgbálẹ̀ rẹ̀ ti máa ń dún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àkùkọ kọ, wọ́n pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí, ìgbálẹ̀ kò dún. Ilẹ̀ mọ́. Bàbá mi lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó tẹ́tí. Ó ní, “Ìyá.” Kò sí èsì. Ó ní, “Ìyá mi o!” Ìyá mi gbé ikùn rẹ̀ jáde, ó dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá Ràṣíìdì, aládùúgbò wa, gbọ́ ohùn bàbá mi, ó sáré wọlé tòun ti kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀ lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn. Nígbẹ̀yìn, bàbá mi fi èjìká tì í. Ìyá Àgbà yíjú padà lórí ẹní rẹ̀, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ta ló kú?” ló bèèrè. Bàbá mi ní, “Ìyá, ẹ pẹ́ kí ẹ tó jí ni.” Ìyá Àgbà wo ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ojú fèrèsé wọlé. Ó fọwọ́ pa apá rẹ̀, ó fọwọ́ pa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rò ó díẹ̀. “Kò sí ohun tó ṣe mí,” ló wí. “Ìdun ló máa ń jí mi.”

Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń yin ayé àtijọ́, pé ewé àti èéfín la fi ń gbé ilé nígbà náà, pé ara le. Mi ò kì í bá wọn jiyàn. Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń rò ó nínú ara mi pé ìdun kò jẹ irú wọn rí. Ìyá Àgbà, tí ìdun jẹ láti ìgbà tó ti mọ ara rẹ̀, kò yin páǹpù náà lójú bàbá mi títí ó fi kú. Ohun tó máa ń ṣe ni pé, tí ọjọ́ bá ti pẹ́ díẹ̀, yóò kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tí kò ní nǹkan í ṣe, yóò ní, “Sámúẹ̀lì, ìbọn yẹn, ṣé nǹkan ṣì kù nínú rẹ̀?”

Nǹkan tán nínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ gan-an tí ìyá mi lọ bímọ. Obìnrin ni ó bí. Bàbá mi ti ibẹ̀ dé, kò lè jókòó, kò lè dúró. Ọjọ́ kejì sí i ni wọn yóò gbé ọmọ wálé, ó sì ti gbọ́ ohùn ẹ̀fọn kan ní yàrá ìyá mi. Ó lọ sí ọjà, oògùn ti wọ́n lọ́jà. Ó wá kọjá sí ilé Bàbá Ràṣíìdì, tó ní oko kòkó lọ́nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Mo tẹ̀lé e. Ìgò oògùn kòkó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọkùnrin náà, wọ́n so àkísà pupa mọ́ ọn lọ́rùn.

“Oko la ti ń lò ó o, Bàbá Dàpọ̀,” ni Bàbá Ràṣíìdì wí.

“Kí ló ń pa lóko?”

“Kòkòrò ni.”

“Kí ló wà nílé mi?”

Bàbá Ràṣíìdì rẹ́rìn-ín. “Èmi máa ń bo imú tí mo bá ń fún un. Oúnjẹ kì í sì kan ẹnu mi níbẹ̀.”

“Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?” ni bàbá mi dá a lóhùn, ó sì gba ìgò náà.

Ó so síńgílẹ́ẹ̀tì mọ́ imú. Ó fún ògiri, ó fún ilẹ̀, ó fún ẹní, ó fún àjà. Páǹpù rẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa. Kò sí ihò tí kò dé. Àwa sun ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí òórùn náà ń ta ni lójú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́ rí nílé wa. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ikán dákẹ́. Aáyán dákẹ́, wọ́n dojú sókè lórí ilẹ̀ bí ẹ̀pà tí wọ́n sá. Àwọn ọmọnlé ti já bọ́ láti orí ògiri, ikùn wọn funfun, ọwọ́ wọn ṣì là bí ẹni tó ń kí ènìyàn. Bàbá mi gbá gbogbo wọn jọ síwájú ilé, ó ń pe àwọn tó ń kọjá kí wọ́n wá wò ó. Àwọn adìẹ Ìyá Àgbà náà wá wò ó. Wọ́n jẹ ẹ́ yó. Kí oòrùn tó kàn tàrí, wọ́n ń sùn ní ìdúró. Lẹ́yìn náà, wọn kò dúró mọ́. Àkùkọ tí Ìyá Àgbà ń sìn de ìkómọ wà nínú wọn. Ìyá Àgbà gbé e sókè lẹ́sẹ̀, ó wò ó, ó gbé e kalẹ̀. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó wọlé, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó gbé e sí àárín ẹnu ọ̀nà, ó sì jókòó.

Ibẹ̀ ni ìyá mi bá a nígbà tó dé pẹ̀lú ọmọ. Ìyá Àgbà ní, “Ìyàwó, káàbọ̀. O kú ewu ọmọ. Gbé e wá.” Ó gba ọmọ, ó fi ẹnu kàn án níwájú orí, ó ṣàdúrà fún un, ó gbé e padà fún ìyá rẹ̀. Kò dìde.

“Ìyá, oòrùn ń pa ọmọ,” ni bàbá mi wí.

“Mo rí i.”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé.”

“Ọmọ yìí kò wọlé.”

“Ìyá! Kò sí ẹ̀fọn kan ṣoṣo nínú ilé yìí!”

“Kò sí adìẹ náà.”

Ìyá Àgbà nawọ́ sí ògiri lẹ́yìn ara rẹ̀. Èdè Ìjẹ̀bú tó sọ le ju èyí lọ. Mò ń rọ̀ ọ́ ni kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. Ó ní, “Ọjọ́ tí wọ́n mú mi ní ìyàwó wọ ilé yìí, mo bá ọmọnlé lórí ògiri. Mi ò mọ ohun tó wà nínú ìgò Bàbá Ràṣíìdì, ìwọ náà kò mọ̀ ọ́n. Ilé tí ọmọnlé kò lè gbé, mi ò ní gbé ọmọ tí kò tíì lè mú ọrùn dúró wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí ọmọnlé bá padà, n óò gbé àpótí mi.” Bàbá mi wo ìyá mi. Ìyá mi kì í dá sí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Ó tún ọmọ gbé. “Bàbá Dàpọ̀,” ló wí, ohùn rẹ̀ kò ga, “mi ò ní omijé mọ́.” Ọ̀rọ̀ parí. Ìyá Ràṣíìdì gbé wọn lọ sí pálọ̀ rẹ̀, ó tẹ́ ẹní fún wọn. Ọkọ rẹ̀ kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Bàbá mi kò sọ pé òun ṣe àṣìṣe. Ọkọ́ ló mú. Ó fi ha gbogbo ògiri, ó ṣí ojú ilẹ̀ yàrá, ó gbẹ́ kòtò jíjìn lẹ́yìn ilé, ó kó gbogbo amọ̀ náà bò mọ́bẹ̀. Ó sun àwọn ẹní. Ó pọn amọ̀ pupa, ó fi ẹsẹ̀ pò ó, ó rẹ́ ògiri. Ìyẹn, iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ yàrá, nígbà náà, àwọn obìnrin ló ń fi ẹlẹ́bọ́tọ, ìgbẹ́ màlúù, pa á kó lè dán. Ìyá mi kò lè ṣe é, abiyamọ ọ̀ṣẹ̀ṣẹ̀bí ni. Ìyá Àgbà kò dìde lórí àpótí. Bàbá mi bá ká ṣòkòtò sókè, ó kúnlẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin àdúgbò fi kún ojú fèrèsé.

“Bàbá Dàpọ̀, ẹ kú iṣẹ́ ilé! Ẹ má gbàgbé igun o!”

“Ẹ wo ìyàwó tuntun tó dé sí agboolé wa!”

“Ta ló fẹ́ ẹ?”

“Ẹ̀fọn ni!”

“Ẹ máa rẹ́rìn-ín,” ni bàbá mi wí láti ilẹ̀. “Tí ilẹ̀ tiyín bá lanu, ẹ má wá pè mí o.”

Ìyá Ràṣíìdì ló sọ ọ́ ní Bàbá Arẹ́lé lọ́jọ́ náà. Orúkọ náà mọ́ ọn lára dé bi pé àwọn tó ń wá tún kẹ̀kẹ́ ṣe ń bèèrè rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ náà dán, mo gbọdọ̀ sọ ọ́. Ìyá Àgbà gan-an fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò. “Ó gbà,” ló wí. Ó padà sórí àpótí rẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ pé, inú àgbàlá Bàbá Ràṣíìdì la ti sọ ọmọ lórúkọ. Pásítọ̀ wa gbàdúrà, àwọn onílé ṣe àmín. Àkùkọ tí wọ́n pa, Bàbá Ràṣíìdì ló mú un wá fúnra rẹ̀, ó sì rí i dájú pé gbogbo ènìyàn rí i tó ń rìn kí wọ́n tó pa á. Fọláṣadé ni orúkọ ọmọ. Ó ní orúkọ, ó ní bàbá àti ìyá, kò tíì wọ ilé rẹ̀.

Iṣẹ́ wíwo ògiri bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ó yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ní sáà yẹn, mo sì ti pẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí n ṣì dúró ná, kí ọ̀rọ̀ ilé yanjú. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ka A, B, D. Èmi ń ka ògiri. N óò jókòó sórí ilẹ̀ dídán yẹn láàárọ̀, n óò gbójú sókè títí ọrùn yóò fi dùn mí. Mo mọ gbogbo ìlà tí ọwọ́ bàbá mi fà sára amọ̀ náà. Àwọn ènìyàn máa ń bi mí lónìí ìdí tí mo fi pẹ́ kàwé. Mo máa ń ní ọ̀rọ̀ ilé ni. Mi ò lè máa sọ fún wọn pé ọmọnlé ni mò ń dúró dè.

Sùúrù bàbá mi ló kọ́kọ́ tán. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí i tó ń ti ilé Bàbá Ràṣíìdì bọ̀, ó gbá fìlà rẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni tó gbé ẹyin. Ó fi ojú sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Ó kí Ìyá Àgbà lẹ́nu ọ̀nà, ó rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dé ìdí ògiri, ó ṣí fìlà. Ọmọnlé ńlá kan wà nínú rẹ̀. Ó gun ògiri dé àárín, ó dúró, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Bàbá mi ní, “Ìyá! Ẹ wá wò ó! Ó ti dé!” Ìyá Àgbà kò tíì yíjú tán tí ọmọnlé náà fi sọ̀kalẹ̀, ó gba abẹ́ àpótí rẹ̀ jáde, ó kọrí sí ilé tó ti wá. Ìyá Àgbà wò ó títí ó fi wọlé lọ́hùn-ún. “Ti ilé Ràṣíìdì ni ìyẹn,” ló wí. “Mo mọ̀ ọ́n. Ìrù rẹ̀ gé.” Bàbá mi dúró pẹ̀lú fìlà òfìfo lọ́wọ́. Mo rò pé yóò bínú. Ẹ̀rín ló bú sí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ìyá Àgbà náà rẹ́rìn-ín. Ìyá mi gbọ́ wọn láti ilé kejì, ó gbé ọmọ jáde wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà tó ti bímọ, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí eyín rẹ̀.

Òjò ńlá kan rọ̀. Nígbà tó dá, oòrùn yọ, mo wà ní ìjókòó mi. Mo rí nǹkan kan ní igun òkè, níbi tí ògiri ti pàdé àjà. Kò ju ìka ọwọ́ mi tó kéré jù lọ. Ara rẹ̀ mọ́ gaara bí ọṣẹ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó dúró jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ó fò mọ́ nǹkan kan tí mi ò rí, ó gbé e mì, ó sì ta ahọ́n, pó. Mo pariwo. Ìyá Àgbà dìde, ó wá dúró tì mí, ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà; mo mọ̀ pé kò lè rí ohun kékeré bẹ́ẹ̀ lókè.

“Ó wà níbẹ̀?” ló bi mí.

“Ó wà níbẹ̀, Ìyá Àgbà.”

“Ṣé ó ń mí?”

“Ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò.”

Ó gbé àpótí rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àbúrò mi wọlé. Ẹ̀fọn náà ti padà, a kò puró. Bàbá mi gba ògbólógbòó nẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́ ẹnì kan, ó sì di àwọn ihò ara rẹ̀ bí wọ́n ti ń di táyà kẹ̀kẹ́: ó gé rọ́bà túùbù dúdú, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Àbúrò mi dàgbà sábẹ́ ojú ọ̀run tó funfun, tí ìràwọ̀ rẹ̀ dúdú. Ibà mú un nígbà mìíràn bí ó ti ń mú gbogbo ọmọ. Kò lọ. Ó dúró.

Láti ìgbà náà, mo ti rí oríṣiríṣi oògùn. Mo rí oògùn yíyí bí ìgbín, tí a ń tanná ran nídìí. Mo rí òtapiàpià nínú ìgò kékeré, tí àwọn tó ń tà á ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde rẹ̀ lọ́jà pé ó ń pa aáyán, ó ń pa ìdun, ó ń pa eku, kì í pa ènìyàn. Mi ò gbà wọ́n gbọ́; mo ti mọ adìẹ kan rí. Mo rí nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn kí wọ́n tó pín in. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ fẹ́ràn ṣọ́ọ̀kì aáyán. Yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò fi fa ìlà yí ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná po, yóò ní kí aáyán tó bá jẹ́ akin kọjá. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti ṣaláìsí. Ìlà kan ṣì wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Aáyán ń kọjá lórí rẹ̀. Mi ò nù ún.

Ilẹ̀ kan náà ni mo ń gbé. A ti fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé náà, àfi yàrá Ìyá Àgbà, tí mi ò jẹ́ kí wọ́n wó. Ṣadé ń gbé Ìbàdàn. Ó ti ní ọmọ, ọmọ rẹ̀ sì ti bímọ. Láìpẹ́ yìí ló pè mí lórí fóònù. “Bùrọ̀dá mi, ẹ máa jáde o. Mo ti ní kí àwọn afínko wá fín oògùn kòkòrò sílé yín ní Sátidé. A ń gbé ọmọ bọ̀ wá kí yín.” Mo ní, “Aáyán mélòó ló wà níbí?” Ó ní, “Bùrọ̀dá, mo mọ ilé yín.” Àwọn afínko náà dé, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, wọ́n fi nǹkan bo imú. Mo bi ọ̀kan pé kí ni oògùn wọn ń pa. Ó ní kòkòrò. Mo ní, “Ọmọnlé ńkọ́?” Ó wò mí. “Ṣé ẹ fẹ́ ká pa á ni, Bàbá?” Mo ní rárá o. Ó ní àwọn kì í fọ́n ọn ká gbogbo ògiri bíi ti àtijọ́ mọ́, pé inú ihò àti ìdí ilẹ̀kùn làwọn ń fi í sí, díẹ̀díẹ̀, pé tí mo bá ṣí fèrèsé títí di ọ̀sán, kò séwu. Ọmọ tó mọ̀wé ni, ó sì fi sùúrù dá mi lóhùn. Mo sọ fún un kó fi ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná sílẹ̀. Kò bi mí léèrè.

Ọ̀sán kọjá kí mọ́tò wọn tó dé. Wọ́n bá mi lórí àga ní àárín ẹnu ọ̀nà. Ṣadé gbé ọmọ lọ́wọ́, ọmọbìnrin rẹ̀ ń tẹ̀lé e pẹ̀lú ẹrù. “Ẹ káàsán, Bùrọ̀dá. Ẹ jẹ́ ká wọlé, oòrùn ń pa ọmọ.”

“Mo rí i,” ni mo wí.

“Wọ́n ní láti ọ̀sán la ti lè wọlé.”

“Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.”

Ó wo àga, ó wò mí, ó wo ògiri tó wà lẹ́yìn mi. Ẹnu rẹ̀ là. “Háà! Ẹ̀yin Bùrọ̀dá yìí!” Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ ní, “Mọ́mì, kí ló dé?” Ó ní, “Tẹ́ ẹní sábẹ́ igi yẹn, jókòó. Dúró là ń dúró.” A jókòó. A rẹ gàrí, a fi ẹ̀pà mu ún. Ọmọ mu ọmú, ó sùn, ó jí, ó tún mu. Kò sí ẹni tó kánjú. Oòrùn ti ń fà sẹ́yìn nígbà tí nǹkan kan rìn jáde láti abẹ́ páànù, lókè ilẹ̀kùn yàrá Ìyá Àgbà. Mo dìde. Ṣadé kò dìde. Láti kékeré ni ẹ̀rù ọmọnlé ti ń bà á, òun tó jẹ́ pé ọmọnlé ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ó fi ọwọ́ bo ojú, ó ń wò láàárín ìka.

“Ó wà níbẹ̀?” ló bi mí.

“Ó wà níbẹ̀.”

“Ṣé ó ń mí?”

“Ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò.”

Mo gbé àga kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé ọmọ mọ́ àyà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá lábẹ́ ẹranko kékeré náà bí ẹni tó ń wọ ààfin. “Ẹ sọ fún un,” ló wí láti inú ilé, “pé a dúpẹ́ o. Ṣùgbọ́n kó má sọ̀kalẹ̀.”